Òkété Gbe Orin Òfin

Àlọ́ mi ré kete, ó balẹ̀ sẹ́nu ihò Òkété onílé.

Àjàkálẹ̀ àrùn wọ igbó, Kìnnìún sì ṣòfin tuntun: kí kálukú gbélé, kí onílé kankan má lé ayálégbé. Síbẹ̀ Òkété ní kí Ọ̀pọ̀lọ́ kó ọmọ rẹ̀ jáde.

“Baba onílé, òfin ńkọ́?”

“Òfin wo? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Ọ̀pọ̀lọ́ kò mọ lọ́yà kankan, ohùn nìkan ló ní. Ó bá dárin:

“Kálukú, ẹ gbélé o!”
“A ti gbọ́!”
“Onílé, ẹ má lé wa o!”
“A ti gbọ́!”

Gbogbo àdúgbò ń gbè é láti ẹnu ihò wọn. Ta ni í gbọ́ orin tí kì í gbè? Òkété alára ló ń gbè kíkan jù, ó tún ń jùdí.

“Ẹ ṣeun, Baba onílé,” ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí. “Gbogbo àdúgbò ló jẹ́rìí pé ẹ ti gbọ́.”

Ó ní kí àwọn ọmọ tẹ́ ẹní wọn padà.