Gíbóṣì Elétí Funfun

Lábẹ́ igi kédárì ẹ̀yìn ilé, níbi tí oòrùn kì í dé, ni ewéko gíbóṣì Ìyá Kane wà. Etí ewé rẹ̀ funfun bí òwú. Ìyá kì í gé níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nígbà tí Misao, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn kó lọ sígboro, nítorí ikọ́ fée tó ń da ọmọ wọn, Ritsu, láàmú, ìyá ní:

"Bá mi tọ́jú ẹ̀. Ọdún tó bá hù láìsí ewé tútù lásán tí kò létí funfun láàárín ẹ̀, gé níbẹ̀ dání, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó lè tọ́jú gíbóṣì lè dá ilé gbé."

Tokuji, ọkọ Misao, rẹ́rìn-ín. "Ẹja wo ni màá wá pa nígboro?"

Nígbà tí yìnyín yọ́, èéhù tútù kan yọrí láàárín àwọn elétí funfun.

"Ìyàwó, ó ti bí ọmọ àlè o!" ni ìyá wí.

Misao bú sẹ́kún. Tokuji kúnlẹ̀, ó ń so bàtà Ritsu, ó ta kókó rẹ̀ nílọ̀ọ́po mẹ́ta bí ẹni ń so ìwọ̀. Ó ní:

"Fara balẹ̀, Ìyá Ritsu. Gé e mọ́lẹ̀. Má gbẹ́ ẹ o, gbòǹgbò ẹ̀ ò fẹ́ ìyọnu. Ẹ̀ẹ̀mí-ìn á dáa."

Lẹ́yìn ilé ìdáná, ọ̀kan ti dín nínú gíbóṣì tútù, irú tí kò létí funfun, tí wọ́n gbìn síbẹ̀ láti máa sè jẹ.

"Ẹranko ni," ni Tokuji wí.

Lọ́dún kejì, bákan náà. Misao bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ ìyá.

Nígbà òtútù, ìyá ṣubú lórí yìnyín, ìbàdí rẹ̀ kán, kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Inú Misao dùn díẹ̀, ojú sì tì í. Síbẹ̀, nígbà tí yìnyín yọ́, èéhù tútù tún yọ.

"Ó tún hù?" Ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Ó mà ṣe o. Mo ti ní kí wọ́n bá ẹ ra ìkòkò tó o máa gbìn ín sí."

Lọ́jọ́ yẹn Ritsu wúkọ́ títí ètè rẹ̀ fi dúdú. Misao mú ọkọ́, ó gbẹ́ ibi tí wọ́n ní kó má gbẹ́.

Èéhù tútù náà dá jáde tòun ti gbòǹgbò ara rẹ̀, okùn ìwọ̀ sì so gbòǹgbò náà pọ̀ ní kókó onílọ̀ọ́po mẹ́ta, bíi ti bàtà Ritsu gẹ́lẹ́.