Iná Pupa Tí Dídán Ní Kí Wọ́n Pa

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ta táìlì. Dídán ni wọ́n ń pè é, nítorí pé eruku kì í bà lé ọkọ̀ rẹ̀ kó pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni, dúdú, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá ń kọjá, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́ ná. Síbẹ̀, kò tó Dídán. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀ kí ọkọ̀ lè wálẹ̀, wọ́n yọ táyà tó bá a wá, wọ́n fi èyí tó tóbi tó sì fẹ̀ sí i. Ọkọ̀ wá lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku.

Kò pé oṣù kan tí iná pupa kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níwájú awakọ̀.

2.
Mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà, bàbá kan tí dígí ojú rẹ̀ nípọn, ló yọ táyà iwájú. Ó ní kí Dídán bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rí róbà tín-ín-rín yìí? Òun ló ń gbé ọ́ìlì bíréèkì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ọwọ́ ọkọ̀, táyà ńlá yìí ń ha á. Ó ti lu díẹ̀. Ọ́ìlì ti ń jò, òun ló mú iná pupa yẹn tàn."

"Ṣé kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lẹ ń sún síwájú yẹn. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi ní ọjọ́ méjì. Màá pààrọ̀ róbà, màá sì dá táyà àtijọ́ padà."

Táyà àtijọ́ yẹn ni Dídán ò fẹ́ gbọ́. Àwọn oníṣòwò táìlì fẹ́ ṣèpàdé ní Sátidé, ó sì ti ní kí wọ́n máa retí ọkọ̀ òun. Ó ní òun ń bọ̀. Kò padà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ló gbà lọ.

"Iná yìí ń yọ mí lẹ́nu. Bá mi pa á."

Ọkùnrin náà fa wáyà kan yọ, iná kú. Kò tiẹ̀ béèrè ohun tó ń mú un tàn.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bi í pé, "Dádì, iná pupa yẹn ńkọ́?"

"Mẹkáníìkì ti tún un ṣe. Ṣé o ò rí i pé kò tàn mọ́ ni?"

Ìyàwó gbà á gbọ́. Kí ló máa mú un ṣiyèméjì?

3.
Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Dídán bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ kó táìlì. Bó ṣe dé ṣọ́ọ̀bù ló rí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù: "Takisí tó yẹ kó gbé Màmá lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru kò wá. Mo ti fi ọkọ̀ yín gbé wọn."

Ìyá tó bí Dídán ni Màmá yìí. Ọsibítù náà sì wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀nà ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Dídán sáré mú fóònù. Ó pe ìyàwó rẹ̀, kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Kì í gbé fóònù bó bá ń wakọ̀. Ó wá pe Màmá.

"Ọmọ mi, a ti ń dé. Ìyàwó mi mọ ọkọ̀ wà, bí ẹni gbé ẹyin ni."

"Màmá, ẹ sọ fún un kó dúró. Ẹ jọ̀ọ́, kó dúró níbi tó bá wà."

Ó gbọ́ tí Màmá yíjú sọ fún un: "Ọkọ ẹ ní kó o dúró."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, ohùn kékeré bíi tọmọdé.

"Màmá, mò ń tẹ̀ ẹ́. Kò dúró."

Hóònù ń dún láìdáwọ́ dúró. Màmá ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, kì í ṣe Dídán, bí kò ṣe èyí tó sọ ọ́ nígbà tó bí i. Ìró ńlá kan dún. Fóònù kú.

4.
Ògiri ni wọ́n lọ kọlù. Màmá ò rí ọ̀sán ọjọ́ náà. Egungun ìbàdí ìyàwó dá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì rún.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohun kan náà ló ń tún sọ: "Èmi ni mo pa Màmá. Bóyá ohun tí kì í ṣe bíréèkì ni mo tẹ̀." Dídán di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Àwọn ẹbí ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé obìnrin náà ò mọ ọkọ̀ wà. Dídán gbọ́. Ẹ̀rù bà á, kò lanu.

Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá mẹkáníìkì wá kí wọn. Ìyàwó ní, "Bàbá, ẹ mà ṣeun tí ẹ bá wa tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Èmi ni n ò mọ̀ ọ́n wà."

Bàbá yọ dígí ojú rẹ̀, ó wo Dídán. "Ọ̀gá, ṣé kí n sọ ọ́ ni, àbí ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́?"

Dídán sọ ọ́. Ó sọ ti táyà, ó sọ ti róbà, ó sọ ti wáyà tí wọ́n fà yọ. Ìyàwó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọkọ.

"Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń gbọ́ mi, tí mò ń sọ pé èmi ni mo pa wọ́n?"

Ọjọ́ tí wọ́n dá obìnrin náà sílẹ̀ ní ọsibítù, ilé àwọn òbí rẹ̀ ló gbà lọ. Kò padà wá mọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, bí iná ìkìlọ̀ bá tàn, ẹ wá ohun tó ń mú un tàn. Ẹ má pa iná. Táyà tí kì í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀ yín, ẹ má fi sí i, bó ti wù kó rẹwà tó. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ má gbé e jáde, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Èyí tó ṣe kókó jù: ẹ má parọ́ àlàáfíà ọkọ̀ fún ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.