Fíláàṣì Kan Ṣoṣo

Ọkọ náà tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni”, Linux sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́ kó lè ráyè wọlé. Ọ̀fẹ́ ni ètò tuntun tó máa darí kọ̀ǹpútà yìí, kò sì ní máa dákú bíi ti àtijọ́. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ó ti da ìwé tí ìyàwó ẹ̀ ń kọ láti ọdún mẹ́ta sórí fíláàṣì. Ọ̀la ni atẹ̀wé ń retí ẹ̀.

Ojú ẹ̀ wá bọ́ sára fíláàṣì náà. Òun kan náà ló tún fi gbé Linux wá lẹ́yìn náà, Linux kì í sì í wọ fíláàṣì láìjẹ́ pé ohun tó wà níbẹ̀ pa rẹ́.

Ó fa wáyà iná yọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí.

“Ọkọ mi, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?”

“Ìwé rẹ ti lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á rẹ́.”

Ìyàwó dúró gbagidi. “Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Ṣé ẹ kọ́kọ́ kà á?”

“Rárá.”

Ìyàwó mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run ló lò yín. Ojú ewé kan péré ni mo tíì kọ.”

Ó gbé fóònù, ó pe atẹ̀wé, ó sì bú sẹ́kún. “Ẹ gbà mí o, ọ̀gá! Ọkọ mi ti bayé mi jẹ́!”