Ìdí Igi Ẹ̀gbà Tó Kù

Ó ti rẹ Ìyá Orímisàn tẹnutẹnu nígbà tó tukọ̀ dé ìdí igi ẹ̀gbà kan ṣoṣo tó kù létí ọ̀sà wọn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Fẹ̀hìntọlá, aládùúgbò rẹ̀, ti bẹ̀ ẹ́ kó tó kúrò nílé pé, "Ẹ má gé e, Ìyá. Kò sí òmíràn mọ́."

"Kí ni kí n wá fi yan ẹja? Ṣé kó jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" lèsì tó fún un.

Ó yọ àdá. Omi tó ń fọ gbòǹgbò igi náà dákẹ́ lójijì. Àwọn akàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára igi náà, bí ọmọdé tí wọ́n ní kó bọ́ síta kí àgbà lè gbàlejò.

Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá fẹ́ gé ẹ̀gbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kágò, bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà onílé. Láti kékeré ló ti ń kágò náà. Kò dúró gbọ́ èsì rí.

"Àgò onílé o," ló wí, ó sì gbé àdá sókè.

Ohùn obìnrin arúgbó kan, tó ti rẹ̀ bíi tirẹ̀, dáhùn láàárín gbòǹgbò: "Àgò yà, ọmọ mi. Èmi nìkan ló kù nílé."