Mo-ti-mọ̀ àti Ìgò Omi Mẹ́wàá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá sá lọ o. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ tó ń kàwé nílé yín. Inú ń bí mi, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè bínú dáadáa.

1. Ọmọkùnrin kan ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àyíká ní yunifásítì. Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa sọ tí kò ní ní "Mo ti mọ̀," làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Ó ku ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kó gboyè: bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, ti rán aṣọ ìgboyè, ó ti fi kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Olùkọ́ wọn, obìnrin tí kì í pariwo, pín ìgò mẹ́wàá-mẹ́wàá fún wọn. "Ẹ tẹ̀ lé odò láti inú igbó títí dé ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Ibi mẹ́wàá, ìgò mẹ́wàá. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti bu omi sára ìgò."

"Mo ti mọ̀, mà."

2. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe! Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló gbà lọ. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó bu omi kún ìgò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó wá fara balẹ̀ kọ orúkọ ibi mẹ́wàá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ̀ rí sára wọn.

Ìyá dá máṣíìnì dúró. "Ìgbà wo lodò bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ẹ̀rọ wa kọjá?"

"Màámi, omi lomi ń jẹ́."

"Ṣé bí mo bá wọn àyà ẹnì kan, mo lè fi rán aṣọ fún èèyàn mẹ́wàá?"

"Aṣọ nìyẹn, màámi. Sáyẹ́ǹsì lèyí."

Ẹ wo ẹnu! Ọmọ tí wọ́n fi tépù àti abẹ́rẹ́ tọ́ dàgbà!

3. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó iṣẹ́ wá, olùkọ́ gbé ìgò kẹwàá Mo-ti-mọ̀ sókè, omi inú ẹ̀ ń dán. "Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ọṣẹ lo ti bu èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn débẹ̀."

"O kú iṣẹ́. Ó jọ pé òùngbẹ ń gbẹ ọ́. Mu díẹ̀."

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó mu ún dé ìdajì, ó nu ẹnu. "Ó tutù, mà!"

Ọmọbìnrin kan, tí bàtà rẹ̀ ṣì ń rùn láti etí odò, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ajá tó tẹ̀ lé mi débẹ̀ gan-an, ó gbóòórùn omi yẹn, ó sá!"

Ẹ̀rín bú. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó wá mú bírò. "Ìwọ tó ò lọ sí odò, gba òdo."

4. Ọdún kan gbáko ló fi dúró kó tó tún ẹ̀kọ́ yẹn ṣe. Aṣọ wà lára ògiri, eruku ń bò ó. Bí oníbàárà bá bi ìyá pé ta ló ni ín, á ní: "Mo-ti-mọ̀ ni. Kò tíì mọ̀."

Lọ́dún kejì, ó wọ bàtà rọ́bà, ó tẹ̀ lé odò náà látòkè délẹ̀. Ó ṣubú sínú ẹrẹ̀ ní ìgò kẹsàn-án, ó dìde, ó bu ìkẹwàá. Ìgò mẹ́wàá, àwọ̀ mẹ́wàá! Ó yege.

Ló bá fa aṣọ wọ̀. Bọ́tìnì kọ̀, kò pa dé. Ìyá na tépù.

"Màámi, ṣebí ẹ ti wọ̀n mí léṣìí?"

"Ara èṣí kọ́ lo gbé wá. Dúró dáadáa."

Bó ṣe ń wọ̀n ọ́n, ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọrùn, àyà, ìdí, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ìyá wo ìwé yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ, mo kìlọ̀ fún yín o. Èmi ò wọ yunifásítì rí, ṣùgbọ́n mi ò kì í kọ ohun tójú mi ò rí. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ wò ó, ẹ dìde, ẹ lọ wò ó. Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ẹni tó bá fẹ́ dórí ẹ̀, ìdí ni yóò ti gùn ún.