Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìdérí Rokiah

Nígbà tí ìyá wọn kú, Rokiah gba ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà rẹ̀. Ó ní ọwọ́ Halijah àbúrò òun tóbi jù, kò lè gbà á. Ọdún mọ́kànlá rèé, Halijah kò gbàgbé.

Ní abúlé wọn ní Kelantan, gbogbo òwúrọ̀ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni Rokiah máa ń fi eré kan náà dán mọ̀lẹ́bí kan wò. Àwo kan á wà ní gbangba: lemang, ìrẹsì tí wọ́n sun nínú ọparun, pẹ̀lú ẹran. Èkejì á wà lábẹ́ ìdérí tí wọ́n fi ewé hun. O lè mú ti abẹ́ ìdérí nìkan, o sì lè kó méjèèjì. Ṣùgbọ́n Rokiah á ti ro ohun tí o máa mú kó tó bò ó. Bó bá mọ̀ pé ti abẹ́ ìdérí nìkan lo máa mú, ohun iyebíye ló máa fi síbẹ̀. Bó bá mọ̀ pé o máa kó méjèèjì, òkúta ni. Kò ṣì í rí. Òkúta tí Pak Su Deraman, àbúrò bàbá wọn, he lọ́dún tó kọjá ló fi ń ti ilẹ̀kùn.

Lọ́dún yìí, Halijah ló kàn, ẹ̀gbà ìyá wọn sì ni ohun iyebíye.

Gbogbo oṣù ààwẹ̀ ló fi ń búra pé ti abẹ́ ìdérí nìkan lòun máa mú. Lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún, Rokiah wá fi òwú wọn ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rán ẹ̀wù ọdún fún un. Ẹ̀wù kò dé. Ìyẹn náà tún bí i nínú.

"Kó méjèèjì jàre," Pak Su sọ. "Ohun tó wà níbẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ṣé tí o bá gbé lemang, wúrà á di òkúta ni?"

"Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀!" Rokiah dáhùn. "Ilẹ̀kùn yín ńkọ́, Pak Su?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Halijah kò rẹ́rìn-ín. Lemang ń ta sánsán sí i nímú.

"Mo mọ̀ ẹ́, Halijah," Rokiah ní. "Láti kékeré."

"Ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n! Bó bá jẹ́ òkúta, orí òrùlé yín ni màá jù ú sí. Àti lemang o, àti ìdérí o, n ò fi ọ̀kan sílẹ̀!"

Ó kó méjèèjì. Pak Su pàtẹ́wọ́. Àwọn tó kù ń fi ẹ̀rín dárò rẹ̀. Halijah ti ki lemang bọ ẹnu kó tó ṣí ìdérí, ó sì ti ń to èébú tó máa bu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbà náà wà níbẹ̀, wọ́n ti jó wúrà tuntun mọ́ ọn, ó sì gba ọwọ́ ńlá náà wọlé wẹ́rẹ́, Rokiah sì ti kọ ọ́ sórí bébà tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo mọ̀ pé méjèèjì lo máa kó, dárí jì mí," ni Halijah bá fi ẹnu tó kún fún ìrẹsì pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ìjà ọdún mọ́kànlá tí mo tọ́jú ńkọ́? Ẹ dá mi lóhùn!"