Ẹni Tí Ó Tẹ Arósùn Dó

Oòrùn méjèèjì tí ń ràn sí Ilẹ̀ Ìkùukùu ti wọ̀ nígbà tí Láṣeéní, akọ̀wé ọba, dé abúlé Arósùn láti kọ ìtàn rẹ̀.

“Ìyá, sàárè ẹni tí ó tẹ abúlé yín dó dà? Bí kò bá sí, ọba yóò gba ilẹ̀ yín.”

Fádùnkẹ́, àgbà abúlé, gbé iṣu sísè fún un. “Jẹun ná, ọmọ mi. A kì í fi ebi gbọ́ ìtàn níhìn-ín.”

Iṣu náà ń rùn bí egbò tí ó kẹ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ jẹ ẹ́. Nǹkan líle há sí i léyín. Ó tu ú sọ́wọ́: èékánná ènìyàn ni. Ó nà án sí Fádùnkẹ́.

“Ìyá, kí nìyí?”

“A kò sin bàbá ńlá wa tí ó tẹ abúlé yìí dó. Nígbà ìyàn, a gbìn ín sínú ebè. Ọdọọdún ni ó ń ta.”

Ebè ẹ̀yìnkùlé là.

“Fádùnkẹ́,” ni ohùn kan wí láti inú rẹ̀, “ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ mi ńkọ́? Ṣé ó ti jẹ mí tán?”